Owó Ọ̀nà Kì Í Ṣe Owó Ojúrere

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nọ́ọ̀sì ni mí níbí ní Toronto. Mo máa ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìtọ́jú, nípa owó, àti nípa ìgbé ayé àwa Yorùbá nílẹ̀ Kánádà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ ṣé, ẹ kú àdúrótì.

Ọ̀rọ̀ tòní kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa. Tí mọ́mì yín, àǹtí yín tàbí dádì yín bá ń ṣe iṣẹ́ PSW, tó ń ti ilé aláìsàn kan bọ́ sí òmíràn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ jókòó tì mí. Àkókò tó wà láàárín ilé kan sí ilé kejì ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. Ta ló ń sanwó àkókò yẹn? Ta ló ń ra epo? Ta ló ń san owó bọ́ọ̀sì? Nínú ilé púpọ̀, ìdáhùn kan náà ni ẹ máa gbọ́: mọ́mì ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, tàbí tí ẹ kéré nígbà tí ẹ dé, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù lónìí. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Mọ́mì mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó láì jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ro ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lè ka ìwé àdéhùn olójú ewé 18 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rìn. Ní Ontario, àjọ tó ń jẹ́ Ontario Health atHome ló ń ṣètò ìtọ́jú inú ilé tí ìjọba ń sanwó rẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba pa àjọ 14 pọ̀ di ẹyọ kan. Àmọ́ kì í ṣe àjọ yìí ló gba mọ́mì yín síṣẹ́. Àjọ náà ń gbé iṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ tí gbogbo wa ń pè ní agency, agency ló sì ń gba PSW. Agency yìí ń gba owó lórí ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe. Lójú ìwé wọn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mọ́mì yín bá wọ ẹnu ọ̀nà aláìsàn, ó sì parí nígbà tó bá jáde. Ojú ọ̀nà kò sí nínú ìwé yẹn.

Ẹ wá wo ọjọ́ kan. Aago méje àárọ̀, ó wà ní Rexdale, ó ń wẹ̀ fún bàbá kan, ó ń wọṣọ fún un, ó ń fún un lóúnjẹ. Wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, Jane àti Finch. Lẹ́yìn náà, Weston. Tí wọ́n bá tún pè é pé ẹnìkan ò lè wá síṣẹ́, wọ́n á ní kó sáré dé Scarborough. Nígbà tó bá fi máa délé lálẹ́, ó ti lo wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà péré ló wà lórí pay stub. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Tiwa níbí, òṣìṣẹ́ wà nínú yìnyín.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Èkíní ni owó àkókò tí èèyàn fi rìn. Èkejì ni owó ọkọ̀, ìyẹn owó kìlómítà tàbí owó bọ́ọ̀sì. Agency lè san ọ̀kan kó má san èkejì. Òfin tó wà lórí ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Tí ẹ bá lọ béèrè láì ya méjèèjì sọ́tọ̀, wọ́n á kàn sọ fún yín pé "a ti ń sanwó epo", ẹ ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ jẹ́ ká mú àkókò ṣáájú. Òfin iṣẹ́ Ontario tó ń jẹ́ Employment Standards Act, ESA, ló wà lórí rẹ̀. Láti ilé yín lọ sí ilé aláìsàn àkọ́kọ́, iyẹn kì í ṣe àkókò iṣẹ́. Láti ilé aláìsàn tó kẹ́yìn padà sílé, ìyẹn náà kì í ṣe. Ṣùgbọ́n ìrìn láti ilé aláìsàn kan sí èkejì láàárín ọjọ́, àkókò iṣẹ́ ni. Agency ló rán an níṣẹ́, agency ló yan ibi tó ń lọ. Tí àyè bá ṣí sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta láàárín ilé méjì, tí mọ́mì sì lọ sílé lọ sùn, wọn ò ní ka gbogbo wákàtí mẹ́ta sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí wọ́n máa fi orúkọ "break" pe ìṣẹ́jú 40 tó fi wà lórí ọ̀nà Finch.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún òṣìṣẹ́ ní Ontario ni $17.60 fún wákàtí kan. Ká ní mọ́mì ń gba $20 fún wákàtí kan nílé aláìsàn. Wákàtí mẹ́fà jẹ́ $120. Ká ní ó tún lo wákàtí méjì láàárín àwọn ilé yẹn, wọn ò sì san kọ́bọ̀ lé e. Àpapọ̀ wákàtí mẹ́jọ. Ẹ pín $120 sí ọ̀nà mẹ́jọ: $15 ni. Owó tó yẹ kó gbà, ó kéré tán, ni $140.80. Wọ́n ti jẹ ẹ́ ní $20.80 lọ́jọ́ kan. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá ló ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì, $208 ti lọ. Owó ọjà ilé nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé pé gbogbo àkókò tí owó oṣù kan kó sínú ni òfin fi ń wọn owó tó kéré jù yìí, kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí agency kan fi lè ya iye ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún ìrìn, kó kéré sí iye tí wọ́n ń san nínú ilé aláìsàn. Tó bá wà nínú àdéhùn, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò sì já sí ìsàlẹ̀ $17.60, òfin ò bá wọn wí. Tí mọ́mì bá ń gba $24 nínú àpẹẹrẹ wa yẹn, $144 ni, ẹ pín in sí mẹ́jọ, $18 ni. Ó ti kọjá $17.60. Níbẹ̀, owó tó kéré jù kọ́ ni ẹ máa fi jà. Ìwé àdéhùn ni ẹ máa kà, ẹ ó wo ohun tó sọ nípa ìrìn.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn agency kan máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé contractor ni, torí náà ESA kò kàn án. Orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé nìkan kọ́ ló ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Tó bá jẹ́ agency ló ń yan wákàtí, tó ń yan aláìsàn, tó ń yan iye owó, òṣìṣẹ́ ni mọ́mì yín lójú òfin, ESA sì kà á léèwọ̀ kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ ní ohun tí kì í ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí owó ọkọ̀. Èyí le díẹ̀, torí ESA kò pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ san owó kìlómítà. Ohun tó wà nínú àdéhùn, tàbí nínú àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi SEIU, CUPE tàbí Unifor, ni ẹ máa rí gbà. Ìjọba àpapọ̀ máa ń kéde iye kan lọ́dọọdún tí agbanisíṣẹ́ lè san láì gba owó orí lórí rẹ̀. Ní ọdún 2025, 72 séńtì ni fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan títí dé 5,000, lẹ́yìn náà 66 séńtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé dandan ni iye yìí. Kì í ṣe dandan. Àmọ́ ó jẹ́ òṣùwọ̀n tó dára láti fi mọ ohun tí ọkọ̀ ń jẹ, torí epo nìkan kọ́ ni. Táyà wà níbẹ̀. Bíréékì wà níbẹ̀. Ìnṣọ́ránsì Toronto, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ń gbó lójoojúmọ́, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù sì ń jẹ ẹ́ lábẹ́.

Ẹ wo ohun tí séńtì díẹ̀ lè ṣe. Kìlómítà 40 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún: kìlómítà 10,000 nìyẹn. Tí wọ́n bá san iye ọdún 2025, $3,600 fún ìdajì àkọ́kọ́, $3,300 fún ìdajì kejì, gbogbo rẹ̀ $6,900. Tí agency bá ń san 45 séńtì, $4,500 ni. $2,400 ló wà láàárín méjèèjì. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Séńtì 27, séńtì 21, lójú ẹni kò jọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n táyà òtútù mẹ́rin wà nínú rẹ̀, owó àtúnṣe ọkọ̀ fún ọdún kan sì wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń da àwọn òbí wa láàmú. Tí agency bá ń san iye kan náà lóṣooṣù, ká ní $100, láì ka kìlómítà rárá, owó yẹn ní owó orí. Èyí tí wọ́n bá ṣírò lórí kìlómítà, tí kò sì kọjá ààlà, kò ní owó orí. Tí wọn ò bá san nǹkan kan, tàbí ohun tí wọ́n san kò tó, mọ́mì lè yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ gba owó orí lé lórí. Àmọ́ agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù T2200 fún un, òun náà á kún T777, ó sì gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀ ìrìn rẹ̀. Ẹ béèrè fún T2200 kí ọdún tó parí. Ẹ má dúró di oṣù Kẹrin tí gbogbo èèyàn ń sáré.

Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì ńkọ́? Àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Owó TTC fún àgbàlagbà jẹ́ $3.30 tí ẹ bá fi Presto san, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì. Ẹni tó ń lọ ilé márùn-ún lóòjọ́ lè san ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ṣùgbọ́n àkókò ló ń dùn wọ́n ju owó lọ. Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń fi ìṣẹ́jú 15 rìn, bọ́ọ̀sì lè fi ìṣẹ́jú 50 rìn ín, pàápàá ní Scarborough láti ìgbà tí wọ́n ti pa ọkọ̀ ojú irin Line 3 tì lọ́dún 2023. Tí agency bá wá ń fi àkókò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó wà lórí Google Maps sanwó fún ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì, ìrẹ́jẹ ni. Àkókò tó lò gan-an ni àkókò iṣẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn agency máa ń sọ: owó tí ìjọba ń fún wa kò ka ojú ọ̀nà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni Ontario bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ díje fún iṣẹ́ yìí, ìdíje yẹn sì fún owó òṣìṣẹ́ mọ́ ògiri. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, PSW tó lé ní 4,000 tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú inú ilé lábẹ́ Red Cross ní Ontario da iṣẹ́ sílẹ̀ torí owó. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣàfikún owó PSW inú ilé ní ipele ipele títí di ọdún 2016, tó fi di pé $16.50 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà Kòrónà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n fi $3 kún wákàtí kan, wọ́n sì sọ ọ́ di títí láé ní ọdún 2022. Ẹ rí i pé ohùn tó pọ̀ ló ń mú owó wá. Torí náà, tí agency bá ní ìjọba ò fún òun lówó ọ̀nà, kó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Queen's Park. Kó má yọ ọ́ nínú àpò obìnrin tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú otútù.

Kì í sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí. Ní New Zealand, àwọn òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba jókòó pọ̀, wọ́n fẹnu kò lọ́dún 2014. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń san owó àkókò ìrìn. Ní ọdún 2016, wọ́n sọ ọ́ di òfin, owó kìlómítà sì bẹ̀rẹ̀ ní 50 séńtì. Orúkọ òfin yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé owó ìrìn láàárín àwọn tí à ń tọ́jú ló wà fún. Ìjọba ló gbé owó náà sílẹ̀.

Ní London, àwọn olùtọ́jú mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́ ní Haringey gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹgbẹ́ UNISON. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, wọ́n jàre. Ilé ẹjọ́ ní àkókò ìrìn, àti àkókò tí wọ́n fi dúró láàárín ilé kan sí èkejì títí dé ìṣẹ́jú 60, iṣẹ́ ni. Ó tó nǹkan bíi £10,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jà á. Ẹ rántí pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nílò àkọsílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá agency sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀, inú mi sì dùn sí i. Ẹ jẹ́ kí tiyín yàtọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ ya ìlà ọ̀tọ̀ sílẹ̀ lórí pay stub fún àkókò ìrìn, ìlà ọ̀tọ̀ fún kìlómítà, kí òṣìṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa san fún ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ sọ ẹni tó máa san owó ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, àti owó Highway 407 tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kó gbabẹ̀. Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá dé ilé aláìsàn, tí wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù. Èyí tó ń dín owó kù jù lọ nìyí o: ẹ kó àwọn aláìsàn tó wà ní àdúgbò kan náà fún òṣìṣẹ́ kan náà. Nígbà tí owó ọ̀nà bá ń jáde nínú àpò yín, ẹ ó mọ bí ẹ ṣe máa ṣètò rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa rán èèyàn láti Rexdale dé Scarborough ni pé kò ná wọn ní nǹkan kan.

Ó wá ku ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má wọlé tọ mọ́mì bí ọlọ́pàá. "Why are you letting them cheat you?" kò lè ṣe é. Ẹ jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín wo pay stub yín." Ó ṣeé ṣe kó ní, "Má dá wàhálà sílẹ̀ fún mi o, iṣẹ́ yìí ló fi ẹ́ gba yunifásítì." Kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó ti rí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀, tí wákàtí rẹ̀ sì dínkù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò tíì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ kàn fẹ́ mọ iye tó jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé kékeré kan tí á máa wà nínú ọkọ̀ tàbí nínú báàgì rẹ̀. Lójoojúmọ́: aago tó jáde nílé aláìsàn kan, aago tó dé èkejì, kìlómítà tó wà lórí ọkọ̀, owó bọ́ọ̀sì. Kó má kọ orúkọ aláìsàn tàbí àdírẹ́sì wọn síbẹ̀. Àṣírí wọn ni, òfin sì dáàbò bò ó. Àdúgbò tó. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi wé pay stub. Ẹ tún pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀, ẹ rí i pé wọ́n mọ̀ pé ó ń fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́, kó má di pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó sọ pé àwọn ò gbọ́.

Tí ìṣirò yín bá fi hàn pé nǹkan ò tọ́, kó kọ email pẹ̀lẹ́tù sí agency, kó béèrè bí wọ́n ṣe ń ka àkókò ìrìn. Email, kì í ṣe fóònù, kí ìdáhùn wọn lè wà nílẹ̀. Tó bá wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó pe aṣojú wọn. Tí wọn ò bá dáhùn, ó lè kọ ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ ìjọba Ontario tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò náni ní kọ́bọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọdún méjì ni òfin fún un láti ìgbà tí owó náà ti yẹ kó jáde, torí náà kó má jẹ́ kó pẹ́ jù. Òfin tún sọ pé wọn ò gbọdọ̀ lé e tàbí gé wákàtí rẹ̀ torí pé ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bíi nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá ń jẹ owó òṣìṣẹ́, àwọn aláìsàn tó jìnnà ni wọ́n máa ń kọ̀. Ta ni kò fẹ́ rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu? Ìyá arúgbó tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni ẹnikẹ́ni ò ní wẹ̀ fún lọ́jọ́ yẹn. Òun ni yóò fẹ́ dìde fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìwẹ̀, tí yóò ṣubú, tí wọ́n á sì gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa ní ọsibítù pẹ̀lú eegun ìbàdí tó ti dá. Owó tí wọ́n fi pamọ́ lójú ọ̀nà, ìlọ́po rẹ̀ la ń ná ní ọsibítù. Ìyá yẹn lè jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, pay stub kan ṣoṣo. Ẹ kà á pẹ̀lú mọ́mì, kí ẹ wo iye wákàtí tó wà níbẹ̀, kí ẹ bi í léèrè iye wákàtí tó fi wà níta. Tí àwọn méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bá mi fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí WhatsApp ilé yín, pàápàá sí àwọn àǹtí tí kì í simi. Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo o, ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà báyìí. Ọ̀nà á là.